Spider-Man: Fíìmù mẹ́wàá, èwo ló gba ipò kìíní? Àtòjọ tí a ṣe ní Sakasaka

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ariwo ṣe lè pọ̀ tó nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Sakasaka, ẹ má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ kàn bi àwọn ọmọ léèrè pé èwo ló dára jù nínú àwọn fíìmù Spider-Man.

Sakasaka jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú Tamale, tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn Àríwá ní orílẹ̀-èdè Ghana. Àwọn Dagomba ló ni ilẹ̀ náà, èdè Dagbani sì lẹ máa gbọ́ jù lójú títì, pẹ̀lú Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń sọ Yorùbá náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà wa ti gbéra wá ta aṣọ ní Tamale kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Mo lọ kí wọn nígbà ọyẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ lójijì. Ohun tí àwọn ará Ghana ń pè ní "dumsor" nìyẹn: ó kú, ó tún tàn. Fíìmù tí àwọn ọmọ ń wò dá dúró síbi tó ti ń dùn, ni ẹnu wọn bá gbà á.

Ẹ̀gbọ́n nínú wọn, tó ti wọ yunifásítì, ní Tobey Maguire nìkan ni Spider-Man gidi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní irọ́ ni, Tom Holland ló jọ ọmọ ilé ìwé lóòótọ́. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Miles Morales ni tirẹ̀, nítorí pé Miles dúdú bíi tirẹ̀.

Mo ní kí wọ́n mú bébà wá. Iná fóònù la fi ríran, tí a fi to fíìmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti orí èyí tó gbẹ̀yìn dé orí èyí tó gba ipò kìíní. Fíìmù tí orúkọ Spider-Man wà lára àkọlé rẹ̀, tó sì jáde ní sinimá láti ọdún 2002, nìkan la kà. Ibi tó ti lọ ṣe àlejò nínú fíìmù àwọn akọni mìíràn, bíi Captain America: Civil War, kò sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá tíì wo àwọn fíìmù yìí, ẹ mọ̀ pé a máa sọ bí wọ́n ṣe parí.

Ta ni Spider-Man?

Stan Lee àti Steve Ditko ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Inú ìwé ìtàn aláwòrán Amazing Fantasy nọ́ńbà 15, tó jáde ní 1962, ló ti kọ́kọ́ hàn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

Superman ti ojú ọ̀run wá. Batman jẹ́ olówó rẹpẹtẹ. Ní ti Peter Parker, ọmọ òrukàn ni, ọ̀dọ̀ Ọ́ńkù Ben àti Àǹtí May ló ń gbé ní Queens, ní ìlú New York. Aláǹtakùn kan gé e jẹ, ó sì di alágbára. Ọjọ́ kan, ó rí olè tó ń sá lọ, ó ní kò kan òun, ó jẹ́ kó kọjá. Olè yẹn kan náà ló wá pa Ọ́ńkù Ben.

Láti ìgbà náà ni Peter ti mọ̀ pé ẹni tó bá ní agbára, ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹ̀bi yẹn ni gbogbo ìtàn rẹ̀ dúró lé.

Ní Ghana, aláǹtakùn kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn. Kí Spider-Man tó dé ni àwọn Akan ti ń pàlọ́ Ananse, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, bí àwa Yorùbá ṣe ń pàlọ́ Ìjàpá. Àwọn Hausa ní tiwọn, Gizo ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kọ ìwé Spider-Man gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2003, ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé Kwaku Anansi, ará Ghana, ni Spider-Man àkọ́kọ́.

Ohun mẹ́ta tí a fi wọ̀n wọ́n

Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, a fi ẹnu kò lórí ìbéèrè mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: ṣé ọmọ àdúgbò ni Spider-Man nínú fíìmù náà? Nínú àwọn ìwé rẹ̀, ó máa ń pe ara rẹ̀ ní Spider-Man ọ̀rẹ́ àdúgbò. Ẹni tó bá ń gba gbogbo ayé là, tí kò mọ orúkọ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìkejì: kí ni agbára náà ná an?

Ìkẹta: bí ẹ bá pa ohùn fíìmù náà, ṣé ẹ ṣì máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ló mú èyí wá, ó sì nídìí. Ní Ghana, láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè, àwọn kan máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ káàkiri láti ìlú dé ìlú. Àwọn ayàwòrán á fi ọ̀dà ya àwòrán fíìmù sórí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n rán pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ síta láti fi pe èrò. Àwọn òyìnbó ń ra àwòrán wọ̀nyẹn lówó gọbọi lónìí. Ní Tamale, fíìmù Íńdíà gbajúmọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ tó ń wò ó kò gbọ́ èdè Hindi. Ojú àti ìṣesí òṣèré ni wọ́n fi ń mọ ìtàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

10. The Amazing Spider-Man 2 (2014)

Kò sẹ́ni tó bá wa jà lórí èyí. Marc Webb ló darí rẹ̀, Andrew Garfield ni Spider-Man. Jamie Foxx ṣe Electro, ọkùnrin tí iná mànàmáná wọ̀ lára. Àbúrò wa obìnrin ní, bí Electro bá wà ní Tamale, dumsor ì bá ti tán.

Ìṣòro fíìmù yìí ni pé ọ̀tá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ jù. Electro wà níbẹ̀, Green Goblin wà níbẹ̀, Rhino tún wà níbẹ̀, ó dà bí ọjà tí gbogbo oníṣòwò ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, ibi tí Gwen Stacy ti jábọ́ láti òkè ilé aago ṣì ń dunni. Peter ju okùn rẹ̀, okùn náà bá a, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, ọmọdékùnrin kan wọ aṣọ Spider-Man, ó lọ dúró níwájú Rhino ní òun nìkan. Ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ló yọ fíìmù náà nínú ìtìjú.

9. Spider-Man 3 (2007)

Èyí dun ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ náà, nítorí pé fíìmù Tobey Maguire ni. Ṣùgbọ́n òun náà gbà pé ibi tí Peter ti ń jó kiri lójú títì nígbà tí aṣọ dúdú ti gùn ún, ẹ̀rín ló ń pani, kì í ṣe ẹ̀rù.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni Sandman, ọkùnrin oníyanrìn. Olè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wá owó fún. A tún wá gbọ́ pé òun ló yìnbọn pa Ọ́ńkù Ben. Nígbà tí ó jẹ́wọ́, Peter dárí jì í, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Àwọn fíìmù akọni tó ń parí sí ìdáríjì kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ Venom kúrò, tí wọ́n fi àkókò náà fún Sandman, à bá gbé e sókè.

8. Spider-Man: Far From Home (2019)

Jon Watts ló darí rẹ̀. Peter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé lọ sí Yúróòpù: Venice, Prague, títí dé London. Fíìmù Spider-Man àkọ́kọ́ nìyí tó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ káàkiri àgbáyé.

Ọ̀tá inú rẹ̀, Mysterio, bá ìgbà wa mu. Kò ní agbára kankan. Dúróònù àti àwòrán ìtànjẹ ló fi ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, tí á tún wá gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé fídíò irọ́ jáde pé apànìyàn ni Spider-Man, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti rí fídíò ayédèrú lórí WhatsApp rí, tí ẹbí rẹ̀ sì ń bá a jà pé òótọ́ ni, á mọ̀ pé kì í ṣe àròsọ lásán.

Kí ló dé tó fi wà ní ipò kẹjọ? Ó kúrò ní àdúgbò. Spider-Man tó ń rìnrìn àjò afẹ́ dùn ún wò, ṣùgbọ́n Queens ni ilé rẹ̀.

7. The Amazing Spider-Man (2012)

Andrew Garfield àti Emma Stone ló gbé fíìmù yìí. Ìfẹ́ tó wà láàrin Peter àti Gwen kò jọ èyí tí wọ́n kọ́ wọn láti ṣe.

Ibì kan wà tí gbogbo wa nífẹ̀ẹ́ sí. Spider-Man ti gba ọmọ kékeré kan sílẹ̀ lórí afárá, nínú ọkọ̀ tó fẹ́ já sómi. Nígbà tó yá, wọ́n yìnbọn lu òun náà, kò lè rìn dáadáa mọ́, ọ̀nà sì jìn. Bàbá ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n to apá ẹ̀rọ wọn sójú ọ̀nà kan náà, kí Spider-Man lè rí ibi so okùn mọ́ títí yóò fi débi tó ń lọ. Oore tó ṣe ló padà wá gbé e.

Ohun tó fà á sẹ́yìn ni pé ó ń wá ẹni tó pa Ọ́ńkù Ben kiri, fíìmù sì parí láìrí i, láìsí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

6. Spider-Man: Homecoming (2017)

Tom Holland jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú fíìmù yìí, ó sì jọ bẹ́ẹ̀. Ó fọ̀nà han ìyá arúgbó kan, ìyẹn ra ìpanu fún un. Ó mọ ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì àti ológbò rẹ̀. Spider-Man tó jẹ́ ọmọ àdúgbò nìyí.

Ọ̀tá rẹ̀, Vulture, tí Michael Keaton ṣe, kì í ṣe wèrè. Òṣìṣẹ́ ni, ó ti ra ọkọ̀, ó ti gba èèyàn síṣẹ́, kí ìjọba tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Ìgbà tí Peter lọ mú ọmọbìnrin tó fẹ́ bá lọ síbi ijó nílé, tó sì rí i pé bàbá ọmọ ọ̀hún ni ọ̀tá òun, a gbàgbé láti mí.

Tony Stark ló fún un láṣọ, òun náà ló tún gbà á padà. Ìgbà tí Peter wà lábẹ́ àlàpà, tó ń sunkún, tó wá fi agbára ara rẹ̀ gbé e kúrò, ló di akọni. Ṣùgbọ́n olówó ló ń tì í lẹ́yìn nínú púpọ̀ lára fíìmù náà, ìyẹn ló mú un dúró sí ipò kẹfà.

5. Spider-Man: Across the Spider-Verse (2023)

Àwòrán yíyà ni fíìmù yìí, kò sì sí èyí tó lẹ́wà tó o lójú nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Spider-Man ti Íńdíà, Pavitr Prabhakar, wà níbẹ̀ ní ìlú tí wọ́n pè ní Mumbattan. Nílé tí wọ́n ti ń wo fíìmù Íńdíà láti ìgbà ìyá àgbà, ẹ lè mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó nígbà tó jáde.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀. Wọ́n sọ fún Miles Morales pé bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú, pé bó ṣe wà nínú ìtàn gbogbo Spider-Man nìyẹn, bí ó bá sì dá a dúró, ayé yóò bàjẹ́. Miles ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Yorùbá kan náà ló tún ń rúbọ kí ibi lè fò wọ́n dá. Àríyànjiyàn àtijọ́ yìí gan-an ni Miles ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó jù ú lọ. Ohun tó jẹ́ ká fi í sí ipò karùn-ún ni pé fíìmù náà dá dúró lójijì, ó ní kí a máa retí èyí tó kàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ilé wa ṣì ń bínú.

4. Spider-Man (2002)

Sam Raimi ló darí èyí tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àwọn yòókù. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tó pa ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde.

Bí ẹ bá pa ohùn rẹ̀, ẹ máa mọ gbogbo ìtàn náà: ìgbà tí aláǹtakùn gé e jẹ, ìgbà tí ó kọ́kọ́ gun ògiri, ìgbà tí ó rí Ọ́ńkù Ben nílẹ̀. Willem Dafoe, tó ṣe Green Goblin, ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú dígí, ojú rẹ̀ sì ń dà bí ti ẹni méjì.

Lórí afárá, Goblin fẹ́ kí Spider-Man yàn láàrin olólùfẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọdé tó wà nínú ọkọ̀. Àwọn ará New York tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí ju ohun tí ọwọ́ wọn bà lu Goblin láti òkè afárá. Ọdún kan kò tíì pé dáadáa lẹ́yìn ìkọlù September 11 nígbà tí fíìmù yìí jáde, àwọn tó wò ó nígbà náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

3. Spider-Man: No Way Home (2021)

Ó pa nǹkan bí bílíọ̀nù 1.9 dọ́là káàkiri àgbáyé. Spider-Man mẹ́ta, Maguire, Garfield àti Holland, pàdé nínú fíìmù kan. Garfield tó pàdánù Gwen nígbà tí okùn rẹ̀ pẹ́ jù, rí ọmọbìnrin mìíràn tó ń jábọ́, ó gbà á mú, ó sì bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ló mú kí ilé dákẹ́. Kí ayé má baà bàjẹ́, Peter gbà pé kí gbogbo èèyàn gbàgbé òun. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kí i bí oníbàárà. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé, kò sì lè sọ ọ́. Ó ra kọfí, ó jáde. Ó di àlejò nínú ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Àwọn Yorùbá pọ̀ gan-an lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò mọ ilé mìíràn. Onímọ̀ kan, Jeremy Eades, kọ odindi ìwé nípa àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana, èyí tó jáde ní 1993.

Ìyá àgbà ta aṣọ tó kù nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní iye tí kò tó iye tó fi rà á. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ará Ghana. Ní Ghana wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ní Nàìjíríà wọ́n di ọmọ Ghana.

Àwa náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni orúkọ báàgì "Ghana Must Go" ti wá.

Nítorí náà, nígbà tí Peter dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹnikẹ́ni kò dá a mọ̀, ní ilé tiwa, a mọ irú ojú tó fi ń wò wọ́n.

2. Spider-Man: Into the Spider-Verse (2018)

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ilé wa fẹ́ kí èyí gba ipò kìíní, ó sì kù díẹ̀ kó borí.

Miles Morales kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ní 2011. Bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, ọlọ́pàá ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Puerto Rico, nọ́ọ̀sì ni. Fíìmù yìí gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù àwòrán yíyà tó dára jù. Peter Ramsey, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó darí rẹ̀, ni adarí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ náà.

Ohun tó mú un ga ni pé ìdílé Miles jọ ìdílé tí a mọ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé e lọ sílé ìwé, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ọ́ di dandan fún un kí ó sọ pé òun fẹ́ràn bàbá òun, níwájú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Ìtìjú wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ọ́ńkù Aaron tó fẹ́ràn jù ló wá di ọ̀tá, ó sì kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Miles fò sílẹ̀ láti òkè ilé gíga, tí àwòrán wá yí padà tó fi dà bí ẹni pé òkè ló ń já sí, ọmọ wa dìde dúró lórí àga. Fíìmù náà ní ẹnikẹ́ni lè wọ ìbòjú yẹn. Ọmọ dúdú kan ní Tamale gbà á gbọ́.

1. Spider-Man 2 (2004)

Ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ ló borí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ariwo rẹ̀.

Nínú fíìmù yìí, agbára ń ná Peter lówó. Ó ń gbé oúnjẹ kiri, wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ó jẹ gbèsè owó ilé. Báńkì kọ̀ láti yá Àǹtí May lówó, ilé rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó yọ ogún dọ́là fún Peter ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyá wo ni a mọ̀ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí? Ó rẹ Peter débi pé okùn kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ju aṣọ náà sínú ààtàn.

Alfred Molina, tó ṣe Doctor Octopus, jẹ́ ọ̀tá tí a káàánú fún. Fíìmù náà gba Oscar fún iṣẹ́ ọnà àrà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran kan ṣoṣo ló fún un ní ipò kìíní.

Ọkọ̀ ojú irin ń sáré lọ síbi tí ojú irin ti tán. Peter dúró níwájú rẹ̀, ìbòjú ti bọ́ lójú rẹ̀, ó fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́ àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi àyà dá a dúró. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ó dákú, ó fẹ́ já sílẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ na ọwọ́, wọ́n gbà á mú. Wọ́n gbé e lé orí ọwọ́ wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin kan wò ó, ó rí i pé ọmọdé lásán ni, kò ju ọmọ òun lọ.

Gbogbo wọn ti rí ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì dá ìbòjú rẹ̀ padà fún un, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Doctor Octopus wá mú un, àwọn èrò náà dìde, wọ́n dúró síwájú rẹ̀. Wọn kò ní agbára kankan.

Ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ máa mọ gbogbo rẹ̀.

Maṣíìnì tó wà ní igun ilé

Iná ti dé nígbà tí a parí. Nínú yàrá tí a jókòó sí, maṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní igun, tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ tí mo dé, n kò béèrè.

Maṣíìnì ìyá àgbà ni. Ní 1969, kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá Dagomba kan tí ilé wọn fara kan tiwọn gbé e wọlé, ó ní òun yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀. Ìyá àgbà kò padà wá mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, padà sí Tamale lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìyá náà ti darúgbó. Ó wo ojú rẹ̀, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì mú un lọ síbi tí maṣíìnì náà wà. Wọ́n ti ń fi epo sí i.

Àṣẹ ìjọba ní kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ kàn tiwọn kò gbàgbé wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tún ìwé náà wò. Ó ní òun ti gbà kí Spider-Man 2 wà ní ipò kìíní, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí fíìmù Miles tó kàn bá jáde ni o.

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ máa fi sí ipò kìíní? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: bí ọkọ̀ yẹn bá dúró, tí ọmọ náà fẹ́ ṣubú, ta ni yóò na ọwọ́ gbà á ní àdúgbò yín?